Orúkọ Ẹṣin àti Orúkọ Ọmọ-Ogun

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé wa sọ ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Yábà. A tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́bàá ògiri nítorí pé àga kò tó, àti ní pàtàkì ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ti oko wọ ọkọ̀ wá sí Yábà lónìí, mo kí yín o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú owó ọkọ̀. Akọ̀wé wa ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìje ẹṣin àti nípa ogun ayé òde òní. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó bi mí pé kí ni ó kan àgbẹ̀ nínú ẹṣin tí àwọn olówó ń sá ní ìje. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi kan lọ sí Ogun Àgbáyé Kejì. Láti oko kòkó ni ó ti lọ, Bọ́má ni wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí ó padà dé, kò sí ẹni tí ó tún pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bọ́má ni gbogbo abúlé ń pè é títí ó fi kú. Lẹ́yìn tí a sin ín, àwọn ọmọ rẹ̀ rí ìwé tí àwọn ológun fún un ní ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Orúkọ tí ó wà lórí ìwé náà ni orúkọ àkọ́pè rẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì ni “Ìbàdàn.” Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe ará Ìbàdàn gan-an, abúlé wa jìnnà sí ibẹ̀ tó ìrìn ọjọ́ kan. Ẹni tí ń kọ orúkọ lọ́jọ́ náà bi í pé níbo ni ó ti wá, òun náà sì dárúkọ ìlú tí ó rò pé òyìnbó yóò mọ̀. Bí orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe sọnù nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ gbé ìwé yìí lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, akọ̀wé ibẹ̀ ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, “Ọ̀gá, ọmọ Ìbàdàn pọ̀ lọ jàra, díẹ̀ nínú wọn ni àwa jẹ́.” Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ni wọ́n fi padà sílé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí dùn mí sí i. Ní ọdún 1791, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí a kọ orúkọ àwọn ẹṣin ìje sí. Orúkọ ẹṣin wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, a sì lè tọ ìran rẹ̀ lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ ẹṣin mẹ́ta tí a mú wá láti ìhà ìlà-oòrùn. Títí di òní yìí ni a ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹṣin tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní igba ọdún sẹ́yìn, a mọ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ru àpótí ìbọn nínú igbó Bọ́má ní 1944, tí ó ń jẹ́ ọmọ-ogun Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìlú ni a fi rọ́pò bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ẹṣin gígùn. Láti Òkè Ọya ni àwọn bàbá wa ti ń ra ẹṣin, Ọ̀yọ́ Ilé sì wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn níbi tí ẹṣin ti lè yè. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi di Ọ̀yọ́. Ní 1726 àwọn ẹlẹ́ṣin Aláàfin ya wọ ilẹ̀ Dàhòmì, láti 1730 ni Dàhòmì sì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, títí di ìgbà Ọba Gezo ní nǹkan bí ọdún 1823. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú igbó kìjikìji, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin màlúù rí mọ eṣinṣin tsetse tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ẹran fi ń rù títí yóò fi kú. Eṣinṣin yìí ni ó ṣẹ́gun ẹṣin ní ilẹ̀ wa ju ọ̀kọ̀ àti ọfà lọ. Ní Ìbàdàn, ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú àti ní Èkó, ẹṣin kì í pẹ́ láyé. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí a bá rí lórí ẹṣin ní ìlú wọ̀nyí, ẹni tí ó lè ra òmíràn nígbà tí èyí bá kú ni.

Ní 1840, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin wá dó ti Òṣogbo, Balógun Òdérìnlọ́ kó àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ó sì kọlu ibùdó wọn ní òru. Nínú òkùnkùn kò sí ọlá lára ẹṣin. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin kò ti lè tẹ̀ síwájú sí gúúsù mọ́, ẹṣin sì wá di ohun iyì ju ohun ìjà lọ. Olóyè gùn ún, onílù ń lù níwájú, akéwì ń ki orílẹ̀ rẹ̀, ọmọdé tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà sì mọ ẹni tí ń kọjá, ó mọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹlẹ́ṣin tí kò ní orúkọ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí ohun tí mo ń wí, ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúdè Ọba. Àwọn ìdílé Balógun a gun ẹṣin jáde, ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀, pẹ̀lú ìbọn àti ìlù, wọn a sì wá kí Awùjalẹ̀. Kò sí ogun níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ jagunjagun ni a ń rántí, orúkọ ni a sì fi ń rántí wọn.

Mo dárúkọ Ìjẹ̀bú, ó sì yẹ kí n sọ ti Ìmágbọn, nítorí pé níbẹ̀ ni ogun ayé òde òní ti bá wa lójúkojú. Ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìbọn Maxim wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí ń yọ ọta léraléra bí òjò. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ní Ìmágbọn, àwọn akọni Ìjẹ̀bú ṣubú lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò rí ojú wọn dáradára. Oríkì kò wúlò níwájú ìbọn Maxim. Kò bèèrè ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe.

Ta sì ni ó di ìbọn náà mú? Kì í ṣe òyìnbó nìkan. Hausa ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1863 ni Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Golobà, ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ológun yìí sílẹ̀ ní Èkó, ó sì fi àwọn tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Láti orí wọn ni a ti dé orí àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1897. Èdè Hausa ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà, débi pé ẹni tí a bí ní Ìsẹ́yìn, bí ó bá ti wọṣẹ́ ológun, ará ilé rẹ̀ lè rí i lójú pópó kí wọ́n ní Hausa kan ń bọ̀. Aṣọ ti gba orúkọ lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí pápá ìje. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba tàbí láti Yábà lọ sí TBS ní Oníkàn, ẹ ti rí àwọn ẹṣin funfun mẹ́rin tí ó wà lókè ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kọjá lábẹ́ wọn láìbèèrè ìdí tí a fi gbẹ́ ẹṣin síbẹ̀. Ní 1859 ni Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, ọdún méjì kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di pápá eré ìje ẹṣin, Rẹ́sì Kọ́ọ̀sì ni àwọn bàbá wa sì ń pè é. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó kan Kánò ní 1912, ẹṣin láti Òkè Ọya kò ní ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ mọ́ kí ó tó dé Ìddó.

Ọjọ́ ìje kì í ṣe ọjọ́ eré lásán ní Èkó ìgbà náà. Gómìnà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ jókòó sábẹ́ ìbòòji. Àwọn adájọ́, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn dókítà àti àwọn oníṣòwò ńlá tí ó jẹ́ ọmọ Sàró àti Àgùdà wọ kóòtù àti fìlà gogoro, àwọn ìyàwó wọn wọ aṣọ tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Àwọn mẹ̀kúnnù dúró sínú oòrùn ní ìhà kejì okùn. Ẹni tí ó jókòó, ẹni tí ó dúró, ẹni tí ó ní ẹṣin, ẹni tí ó kàn fi ṣílè díẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé e lórí, ibi tí oníkálukú wà fi ipò rẹ̀ hàn. Àwọn ọmọ wa tí ó ti kàwé rò pé bí àwọn bá lè ní ẹṣin ìje, òyìnbó yóò kà wọ́n sí ẹlẹgbẹ́ ara rẹ̀. N kò bá wọn jà. Ayé ìgbà náà ni. Ṣùgbọ́n òyìnbó tí ó bá ọ jókòó wo ìje lọ́jọ́ Sátidé lè má jẹ́ kí o wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìkòyí lọ́jọ́ Ajé.

Ohun kan wà nínú òfin ìje tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Láti 1762, ní Newmarket ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù ẹlẹ́ṣin yan àwọ̀ tirẹ̀, kí ẹni tí yóò gun ẹṣin náà sì máa wọ aṣọ àwọ̀ yìí, kí ojú lè dá a mọ̀ láti òkèèrè. Eré ìje kò lè sí bí a kò bá mọ ẹni tí ó ṣáájú. Ẹṣin iwájú ni t’ẹ̀yìn ń wò sáré, ó sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ. N kò sọ pé gbogbo ènìyàn ni orúkọ yìí kàn o. Àwọn dókì bọ́ì, tí wọ́n ń sùn ti ẹṣin ní ilé ẹran, tí wọ́n ń gé koríko fún un ní òwúrọ̀, orúkọ tiwọn kì í wọ ìwé. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nígbà tí wọ́n sá ìje Kentucky Derby àkọ́kọ́ ní 1875, ènìyàn dúdú ni 13 nínú àwọn 15 tí ó gun ẹṣin, dúdú ni Oliver Lewis tí ó gba ipò kìíní, dúdú tí a ti fi ṣe ẹrú rí sì ni Ansel Williamson tí ó kọ́ ẹṣin náà ní eré. Nígbà tí owó wọ inú eré náà tán, wọ́n lé àwọn dúdú kúrò lórí ẹṣin. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé ìje ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kò ṣeé ṣe láti sẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí mo bá dé ìdí ọ̀rọ̀ mi.

Bí ìje ẹṣin ṣe ń fẹ́ kí a rí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ogun òde òní ń fẹ́ kí a má rí i. Ní àtijọ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa wọ ẹ̀wù pupa lọ sójú ìjà. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta jìnnà, ẹni tí ó bá wọ pupa ti di òkú. Kí ogun àwọn Boer ní Gúúsù Áfíríkà tó parí ní 1902, káakí ni gbogbo wọn ń wọ̀ sójú ìjà, àwọ̀ erùpẹ̀, kí ènìyàn lè dàbí ilẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ lé. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ń kú lọ́jọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé tí a kò mọ ojú wọn mọ́, ní 1916 wọ́n ní kí ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan máa so àwo kékeré méjì mọ́ ọrùn, tí a kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀ sí. Bí ó bá kú, wọn a yọ èyí pupa tí ó rí roboto lọ sí ọ́fíìsì, wọn a fi èyí tútù yéyé tí ó ní igun mẹ́jọ sílẹ̀ lọ́rùn òkú.

Àwọn ti ilẹ̀ wa ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ 1914, ní Tógò tí ó wà lọ́wọ́ Jámánì, ọmọ-ogun dúdú kan láti Gold Coast ni ó yin ìbọn àkọ́kọ́ tí ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kan yìn lórí ilẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Alhaji Grunshi ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Grunshi kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn ń pe àwọn ẹ̀yà kan ní àríwá Gold Coast ni. Bẹ́ẹ̀ ni Chari Maigumeri, ọmọ Bọ̀rnó, tí ìlú rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Jámánì ni ó kọ́kọ́ jà fún ní Kamerúùnù, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Agbélébùú Onírin. Lẹ́yìn náà ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní mẹ́dà tiwọn fún akin tí ó ṣe ní Ogun Àgbáyé Kejì. Ọba méjì tí ń bá ara wọn jà gbé oyè fún ènìyàn kan ṣoṣo.

Àwọn wọ̀nyí ṣe oríire, nítorí pé a rí ohun kan kọ nípa wọn. Ní oṣù kẹrin 1921 kọ́, ní oṣù kẹrin 2021, àná òde yìí, ni àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ-ogun Commonwealth gbé ìwé ìwádìí kan jáde. Wọ́n jẹ́wọ́ nínú rẹ̀ pé láàrin 45,000 sí 54,000 àwọn ará Áfíríkà, Íńdíà àti àwọn mìíràn tí ó kú nítorí Ogun Àgbáyé Kìíní ni a kò rántí bí a ti rántí àwọn òyìnbó, àti pé àwọn mìíràn tí kò dín ní 116,000, tí ó sì lè tó 350,000, ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn aláàárù, àwọn tí ó ru oúnjẹ àti ọta. Ìjọba ìgbà náà ti pinnu pé wọn kò nílò òkúta tí a kọ orúkọ sí.

Ẹ gbọ́ ti Bọ́má. Ní 1943 ni a kó ẹgbẹ́ ọmọ-ogun 81 àti 82 jọ ní Nàìjíríà. Nínú àfonífojì Kaladan tí a rán ẹgbẹ́ 81 lọ, ọkọ̀ kò lè rìn, wọn kò sì fi ẹṣin tàbí ìbaaka ru ẹrù wọn. Ọkọ̀ òfúrufú ń ju oúnjẹ sílẹ̀, àwọn ọmọ wa ń gbé e lé orí. Ènìyàn ni ó ṣe iṣẹ́ ẹṣin. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ní oṣù kẹta 1944 àwọn Japan yìnbọn bá ẹgbẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ tí ó wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, nìkan ni ó kù sínú igbó náà. Mùsùlùmí àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman gbé wọn pamọ́, ó ń bọ́ wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ bí àwọn Japan bá mọ̀, òun àti aya àti ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò pa. Kò bèèrè nọ́ńbà tí ó wà lọ́rùn wọn. Ní oṣù kejìlá 1944 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Fadoyebo padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà, a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ní 2011, ìwé ìdúpẹ́ tí ó kọ dé ọwọ́ àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó kú. Àgbẹ̀ kan ní Bọ́má àti ọmọ Ẹmùrẹ̀-Ilé mọ orúkọ ara wọn fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo rò pé èyí ju mẹ́dà lọ.

Nínú oṣù kejìlá kan náà ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní Ọ̀yọ́. Jinádù, Olókùn-Ẹṣin rẹ̀, ẹni tí oyè rẹ̀ béèrè pé kí ó bá ọba lọ, múra ní oṣù kìíní 1945 láti ṣe ohun tí ó tọ́ sí i. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó rán ènìyàn mú un. Ọmọ rẹ̀, Múránà, ni ó kú dípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò fẹ́ kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ padà wá, èmi náà kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ní kí ọkùnrin kan má ṣe kú fún ọba rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, òun náà ni ó ní kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ kú fún ọba mìíràn ní Bọ́má. Ti Ọ̀yọ́ ní orúkọ, ní oyè, ní ìran. Èyí tí ó kú ní Bọ́má ní nọ́ńbà.

Àwọn tí ó padà pẹ̀lú egungun fífọ́ kò lọ jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ìgbòbí ni. Ilé ìwòsàn egungun tí gbogbo yín mọ̀, nítorí àwọn ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́ nínú ogun náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀, ní 1945 ni ó sì di ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ọ̀kadà bá gbá ènìyàn lónìí ní Múṣin tí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, ibi tí àwọn Bọ́má ti kọ́ ìrìn padà ni a gbé e lọ.

Lórí ogun abẹ́lé wa n kò ní pẹ́, nítorí pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná tán. Ẹ kàn rántí pé ní oṣù kẹjọ 1967, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Bìáfúrà dé Ọ̀rẹ̀, Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni ó ṣáájú wọn. Ẹni tí ó sì ń kó ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ jà ní etí òkun, Benjamin Adékúnlé, ọmọ Yorùbá ni. Ilé ìwé ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó kọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ahọ́n ẹni ni ó máa ń sọ ìhà tí ènìyàn wà lójú ogun, ẹ tún un rò.

Mo wá dé ìdí ọ̀rọ̀ mi, ẹ̀yin ará Múṣin àti Ìdí-Òrò sì ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, àwọn ọmọ-ogun láti bárékè Abalti yí ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ká lójú ọ̀nà Agége Motor Road. Wọ́n lu àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà lọ́sàn-án gangan, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ìyá tí ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Ìyá náà kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Nígbà tí ó parí, ohun tí a gbọ́ ni pé sójà tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé náà. Sójà tí a kò mọ̀, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í dá, lójú gbogbo Ìdí-Òrò! Bárékè wọn kò jìnnà síbẹ̀, orúkọ gbogbo wọn sì wà nínú ìwé owó oṣù.

Àrà tí aṣọ ogun ń dá nìyí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó gba orúkọ lára àbúrò bàbá mi nígbà tí orúkọ ìbá ṣe é ní oore, ó sì fi àìlórúkọ bo ẹni tí ó yẹ kí a pè wá sí ilé ẹjọ́. Ìgbà tí ẹ̀tọ́ bá yẹ kí ó kan sójà, a kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ẹ̀bi bá yẹ kí ó kan sójà, a kò mọ̀ ọ́n. Ẹṣin tí ó bá tàpá sí ènìyàn ní pápá ìje, wọn yóò dárúkọ rẹ̀ fún ọ, wọn yóò sì dárúkọ olówó rẹ̀.

Ìjọba Gowon ni ó tú pápá ìje Oníkàn, ní 1972 ni ó sì di TBS tí a mọ̀ yìí. Lórí ilẹ̀ náà ni wọ́n ti fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀ ní òru tí ó mú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960 wá. Ilé gogoro Òmìnira tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di ilé iṣẹ́ àwọn ológun nígbà tí wọ́n ń ṣe ìjọba. Sójà Ìdúmọ̀tà náà ti kúrò ní Ìdúmọ̀tà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ní TBS ni àwọn aláṣẹ Èkó ti ń fi òdòdó lélẹ̀ fún ọmọ-ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti lọ síbẹ̀ rí. Wọ́n fun kàkàkí ìdágbére, gbogbo ènìyàn dákẹ́, inú mi sì bàjẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ní a kò mọ̀ yìí, a mọ̀ wọ́n. Ìyá wọn mọ̀ wọ́n. Abúlé wọn mọ̀ wọ́n. A kò kàn bi wọ́n léèrè ni.

Nítorí náà mo ti bá akọ̀wé wa sọ̀rọ̀. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ńlá kan sì wà lórí rẹ̀ tí a ti fa ìlà sí. Ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀, tàbí bàbá bàbá rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ bá wọṣẹ́ ológun tí kò padà, tàbí tí ó padà tí ìwé rẹ̀ kò bá orúkọ rẹ̀ mu, kí ó kọ orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ ìkómọ, kí ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, agbo ilé rẹ̀ àti abúlé rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó kọ orúkọ tí àwọn ológun fún un, àti nọ́ńbà bí ó bá mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe kọ “Ìbàdàn” tàbí “Ìjẹ̀bú” kí ẹ sì dákẹ́. Àwọn ìyá wa tí kò mọ ìwé kọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ó dúró lẹ́bàá ògiri yóò bá wọn kọ ọ́. Ìlà kìíní ti kún. Èmi ni mo kọ ọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ oko ń dúró dè níta, ẹ kọ́kọ́ wá kọ tiyín.